Change, exchange, replace, alter: èwo ni kí ẹ mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ “pààrọ̀” ní Gẹ̀ẹ́sì?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan ya sí ìsọ̀ àǹtí mi ní Ìgòlò, lẹ́nu bodè Bénin àti Nàìjíríà. Èkó ni ọkùnrin náà ti wá. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Ó ra aṣọ 6,500 sẹ́fà (owó wa ní Bénin), ó sì na odidi 10,000 kan. Àǹtí mi tú etí ìró rẹ̀, ó gbọn àpò rẹ̀, kò rí owó wẹ́wẹ́. Ó mirí, ó na owó náà padà, ó ní, “Oga, no money. No money.” Ọkùnrin náà gbé owó rẹ̀ sókè kojú oòrùn, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fi àtàǹpàkò ra á. Lójú tirẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé ayédèrú ló kó wá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti ju aṣọ sílẹ̀, ó ti kẹ̀yìn sí wa, kí ọmọbìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá tó pariwo tẹ̀lé e pé, “Oga, she no get change!”

Monnaie ti Faransé ló wà lọ́kàn àǹtí mi. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá ní òun kò ní monnaie, owó wẹ́wẹ́ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí náà sì ni àwa àti àwọn ọlọ́kadà fi ń bẹ̀rẹ̀ asọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láàárọ̀ kùtù. Àǹtí mi wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́ jù, ó rí money, ó mú un. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé èyí tó yẹ kó sọ wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ìdí-Ìrókò tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í yé sọ pé “Ìyá, ẹ fún mi ní ṣẹ́ǹjì mi”, òun náà a sì dá wọn lóhùn pé kò sí ṣẹ́ǹjì. Ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ̀.

Mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́ ní Àjàṣẹ́: oníṣòwò, aránṣọ, awakọ̀, ọmọ lísè tó ń múra bac, ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé girama. Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó èyí: “Tíṣà, kí ni pààrọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì?” Mi kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi méje ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlò tirẹ̀. Ẹni tó bá fi change ṣe gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ títí dé àyè kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó tàbí ìwé àdéhùn bá wọ̀ ọ́, yóò kàbùkù. Ohun tí mo gbàgbọ́, tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà, ni pé Yorùbá ń mú wa dé Gẹ̀ẹ́sì yìí yá ju Faransé lọ. Ilé ìwé wa ń gba ọ̀nà Faransé, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣubú.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ṣé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà, tó kàn jẹ́ pé ìrísí rẹ̀ ti di òmíràn, àbí ó ti lọ, tí nǹkan mìíràn jókòó sí àyè rẹ̀? Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa. Bí àwọ̀ ewé bá yí padà, ewé náà ló ṣì wà lórí igi. Bí mo bá pààrọ̀ táyà, ti àtijọ́ ti lọ. Faransé a máa lo changer fún méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì náà a sì gbà yín láyè láti lo change fún méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń gba ti ọwọ́ yín, tí ẹ̀yin náà ń gba tirẹ̀. Bó bá wà, pàṣípààrọ̀ ni, ó sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Mo tún ń ka iye tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi for, with, to, into tí ń tẹ̀ lé e ni owó orí rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kan sí àyè èkejì, ìtumọ̀ yóò dojú dé. Ẹ tún fi ohun tí àṣìṣe máa ná yín kún un: nínú ìdánwò, máàkì kan ni, ní ẹnu bodè, ẹ ó mọ̀ bí ẹ bá délé tí ẹ ka owó.

Èyí tó kẹ́yìn, tiwa nìkan ni, àwa tí ilé ìwé Faransé tọ́: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tó jọ ọ́ lójú, tí ìwà wọn kò sì jọra?

Gbólóhùn kan wà tí mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, lábẹ́ ààrẹ Mathieu Kérékou, Dahomey, orílẹ̀-èdè wa, di Bénin. Ọ̀rọ̀ tó bá gba èyí, ẹ ó rí i. Èyí tí kò bá gbà á, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Change

Change ni ìyá wọn, òun náà ló kún fún ìtumọ̀ jù. Ọmọ Faransé ni. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé rọ́ wọ èdè ibẹ̀, changer sì wà lára ẹrù náà. Ìdí nìyẹn tí bureau de change fi wà lára pátákó ní Kútọnù, tó tún wà lára pátákó ní Èkó, tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà pè é ló yàtọ̀. Ẹnu elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ṣẹ́ǹjì tiwa ti wá. Bó ṣe ẹnu Faransé ni, à bá máa sọ nǹkan bíi ṣáńsì.

Kò wọ́n rárá. Bí ẹ bá ti mọ orúkọ nǹkan tí ẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ sọ change, ẹ sọ orúkọ náà, ó parí: change the tyre, change the bedsheet, change your name. “Dahomey changed its name in 1975.” Kò sí àléébù kankan níbẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá fi nǹkan tì í lẹ́yìn, ẹni tó ń gbọ́ yín ni yóò yan ìtumọ̀ fún yín. Ẹ sọ “I want to change” lẹ́nu ọ̀nà yàrá, aṣọ lẹ fẹ́ bọ́. Ẹ sọ ọ́ níwájú pásítọ̀, ẹ ti ronú pìwà dà. Ẹ sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ẹ fẹ́ sọ̀ kí ẹ wọ òmíràn. Ní ìdí owó ló ti burú jù. Ẹ na 10,000 sẹ́fà sí ọmọkùnrin kan lẹ́nu bodè, ẹ ní “Change this for me.” Ṣé kó fún yín ní 5,000 kan àti 1,000 márùn-ún ni, àbí kó ka náírà lé yín lọ́wọ́? Ní Ìgòlò, náírà ni yóò kà, iye tó bá sì wù ú ni yóò fi ṣe é.

Àwa ti yanjú èyí nínú èdè wa tipẹ́. A ní ṣẹ́ owó, a ní pààrọ̀ owó. Ẹni tó ṣẹ́ owó, bí ẹni ṣẹ́ igi ni: sẹ́fà náà ló ṣì wà, ó kàn ti di wẹ́wẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ: break. “Can you break this 10,000 for me?” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣẹ́ igi náà ni wọ́n fi ń ṣẹ́ owó, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbà tí mo bá kọ ọ́ sójú pátákó, nítorí àwọn tó ti ń jà pẹ̀lú faire la monnaie (ṣẹ́ owó ní Faransé) láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé á kàn wo ara wọn lójú. (Ẹ má tìtorí èyí pe ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní orúkọ tó fẹ́ bọ́ lẹ́nu yín yẹn o. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.)

Owó tó kù tí wọ́n máa dá padà fún yín, change náà ni, kì í sì í ní s. “Give me my changes” kò sí níbì kankan. Changes, àwọn àyípadà ni. Àwọn ará Nàìjíríà a tún máa pe owó yìí ní balance, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí oníbàárà bá ń béèrè balance lọ́wọ́ yín. Òṣùwọ̀n ni balance ní Faransé, ṣùgbọ́n oníbàárà náà kò fẹ́ gun òṣùwọ̀n.

Ẹ̀bi Faransé ni èyí tó kàn. Nítorí pé a ń sọ changer de téléphone, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti ń fi bírò pupa pa “I changed of phone” rẹ́? Of kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. “I changed my phone” ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí nǹkan náà di púpọ̀: change trains, change seats, change schools. Ó bọ́gbọ́n mu bí ẹ bá rò ó: ìjókòó méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ẹ dìde kúrò lórí rẹ̀ àti èyí tí ẹ lọ jókòó lé.

Exchange àti swap

Exchange kò lè dá ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ méjì ló ń ṣe é, ọ̀kan fún, ọ̀kan gbà, kí ìkejì náà tún fún, kí ìkíní gbà. Pàṣípààrọ̀ tiwa ni, láìyọ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tó fi kùnà ìdánwò mi: “Dahomey was exchanged for Benin” á mú kí èèyàn béèrè pé ta ló wá gba Dahomey lọ.

Owó tí ó ń gbà ju ti change lọ díẹ̀. For ń tọ́ka sí nǹkan, with ń tọ́ka sí èèyàn. “I exchanged the shoes for a bag”: bàtà lọ, àpò dé. “I exchanged numbers with her”: èmi àti òun fún ara wa ní nọ́ńbà. Ẹ wo numbers níbẹ̀, púpọ̀ ni, nítorí nọ́ńbà méjì ló kọjá. Ẹni tó bá sọ pé òun “exchanged the shoes with a bag” ti sọ àpò di èèyàn.

Nídìí owó, òun ni kí ẹ mú bí ẹ bá ń fi sẹ́fà gba náírà. Ẹ béèrè pé “What is your exchange rate?” kí ẹ tó tú àpò. Kò sí ìtumọ̀ kejì tí ẹnikẹ́ni lè fi tàn yín jẹ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tún dá yín sí lọ́nà mìíràn: exchange ni pé ẹ dá ọjà padà, ẹ gba ọjà, refund ni pé ẹ dá ọjà padà, ẹ gba owó. Ẹni tó bá ní òun gba exchange ṣùgbọ́n òun kò gba refund, kò ní fún yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀gún kan wà lára rẹ̀. “They exchanged words” kì í ṣe pé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jà ni, ìjà ẹnu. Ẹ fi “a few” síwájú words, ìjà ti parí, wọ́n kàn kí ara wọn díẹ̀ ni. Kí nìdí? Mi ò lè sọ pé ó nídìí kan. Ẹ kọ́ ọ sórí.

Swap ni àbúrò exchange tó ń gbé ní ìgboro. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí kí èèyàn lu nǹkan ló ti wá, nítorí àwọn tó bá dòwò pọ̀ nígbà náà máa ń lu ọwọ́ mọ́ra wọn bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀. Lọ́jà, láàárín ọ̀rẹ́, “let’s swap” kúrú, ó sì dùn lẹ́nu. Nínú lẹ́tà sí ilé iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ìjọba náà a máa lò ó nígbà mìíràn o: ní January 2023, nígbà tí Nàìjíríà ń gba 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ nílẹ̀, cash swap ni báńkì àpapọ̀ wọn pe ètò tí wọ́n fi ń bá àwọn ará ìgbèríko pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Àwa tí náírà wà nínú kọ́lọ́bọ́ nílé ní Ìgòlò kò tíì gbàgbé oṣù náà.

Replace

Bí a bá ní kí n yan ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa, òun ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ tó lókìkí ni rọ́pò. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, òmíràn gba ipò rẹ̀. “The name Benin replaced Dahomey.” Ó kọjá, bí Bénin ṣe rọ́pò Dahomey náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ẹni tó ṣe é, with ni ẹ ó lò: replace A with B, ẹ fi B rọ́pò A. (Substitute ń rin òdìkejì. Substitute B for A ni wọ́n ń sọ, B tuntun ló ṣáájú. Bí òǹkàwé ìwé oúnjẹ bá rí “substitute oil for butter”, kó fi bọ́tà sílẹ̀, kó bu òróró.)

Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti change lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tó ní kí wọ́n change táyà òun, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn máa tú èyí tó jò, kí wọ́n de èyí tó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ọn. Owó iṣẹ́ nìkan ni. Ẹni tó ní kí wọ́n replace rẹ̀, táyà tuntun ló ń wọlé. Nínú ìwé owó tí mẹkáníìkì kọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún kan àti ogójì ẹgbẹ̀rún.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kejì ni kì í hàn. Ẹ pín in sí méjì: re, lẹ́ẹ̀kan sí i, place, fi sí ibì kan. Dá a padà sí àyè rẹ̀. Ìbátan mi kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó ní oko kajú, ra oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko. Ike náà ti Nàìjíríà wá, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kọlẹ́ẹ̀jì ló kà á fún un: “Replace cap after use.” Ọmọ náà mọ remplacer, rọ́pò ní Faransé. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó, kí ẹ wá ìdérí mìíràn.” Bàbá wá ìdérí mìíràn títí, kò rí. Ó fi ike náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní igun ilé, láìdé e, fún ọjọ́ mẹ́ta, nílé tí ọmọdé wà. Ọlọ́run ló yọ wá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé kí ó dá ìdérí náà padà sẹ́nu ike. Bí ẹ bá rí replace lára ike, ìgò tàbí páálí, ìtumọ̀ kejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Alter

Àbúrò mi ń ránṣọ nítòsí ọjà Ouando. Ó rán bùbá fún oníbàárà kan ní Ìbàdàn, ó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, WhatsApp rẹ̀ dún: “Nice work. Please alter the sleeves.” Agogo mọ́kànlá alẹ́ ló pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo ba apá aṣọ jẹ́.” Nínú Faransé tó kọ́, wàrà tó kan ni wọ́n ń pè ní altéré, àwọ̀ tó ṣí náà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ka ìdajì àkọ́kọ́ fún mi. Ó ka “Nice work.” Mo bi í bóyá ẹni tí wọ́n ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ máa ń kọ bẹ́ẹ̀.

Alter ni pé kí ẹ fọwọ́ kan nǹkan níbì kan, kí ìyókù wà bó ṣe wà. Nǹkan náà kò lọ, kò sì sí ẹni tó gbà á. Lórí aṣọ, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ẹ máa gbé e gbà: ṣé kí wọ́n dín in ni, àbí kí wọ́n tú u? Nítorí náà mo sọ fún àbúrò mi pé bí wọ́n bá ti kọ alter sí i, kó béèrè lójú ẹsẹ̀ pé “Take in or let out?” Take in ni dín, let out ni kí wọ́n tú u sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn kò tíì pè mí lóru.

Lórí ìwé, alter le koko. Alteration lára ìwé ẹ̀rí tàbí rìsíìtì ni pé ẹnì kan ti fi bírò kan ohun tí kò yẹ kó kàn, bó ti wù kó kéré mọ. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ní wọ́n ti alter ajá kan, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nìyẹn, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ajá aládùúgbò. Ẹ sì má kọ altar, pẹpẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, bí ohùn wọn tilẹ̀ bára mu.

Lórí Dahomey: “Dahomey altered its name” á jẹ́ kí wọ́n rò pé lẹ́tà kan tàbí méjì la yọ. Kò tó.

Convert àti switch

Convert ń sọ nǹkan di irú mìíràn, to tàbí into sì ni ó ń tẹ̀ lé e. Lórí owó, ìṣirò ni, ẹ lè convert láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan ti ọwọ́ yín kúrò. Euro kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà láti 1999, kò yẹ̀. Bí ẹ bá convert 20,000 sẹ́fà, euro 30 àti díẹ̀ ni, ẹ lè ṣe é lórí ìjókòó. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ exchange rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì á yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó bá pa méjèèjì pọ̀ ló máa ń délé tí wọ́n á ní wọ́n ja àwọn lólè.

Ilé náà a máa gba convert: yàrá tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àlejò tó bá dé iwájú Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ máa ń bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n convert ni, nítorí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lóòótọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́sálásí ni wọ́n kọ́ láti ilẹ̀. Àṣà ìkọ́lé tí àwọn àgùdà kó ti Brazil dé ló wà lára rẹ̀. 

Switch, pàṣán ni tẹ́lẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀, wọ́n ṣì ń pe pàṣán bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó ń sọ nípa ẹni tó kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì bírí, bí ẹni tẹ iná: from A to B. Ní ọjọ́ 2 April 1972, Nàìjíríà switched from left to right, wọ́n fi ọwọ́ òsì ojú títì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa. Òun ni mo fi ń sọ nípa ará Àjàṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, tó gba èdè Gùn kọjá, tó parí rẹ̀ ní Faransé.

Àwọn tó kù, ẹ má dààmú. Modify ni alter tó wọ kóòtù àti táì. Transform ni paradà, ti àgbọ̀nrín tó di obìnrin nínú ààlọ́ ọdẹ. Ẹ má lò ó fún bẹ́líìtì tí ẹ dín.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹ̀yin tó ń tajà ní Ìgòlò tàbí tó ń gba Kétu lọ sí Ìlárá, mẹ́ta tó fún yín: change fún owó tó kù, break fún ṣíṣẹ́, exchange fún sẹ́fà sí náírà. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìkẹrin, kó jẹ́ refund, kí ẹ lè kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Aránṣọ, alter ni kí ẹ lè kà, take in àti let out ni kí ẹ máa sọ. Awakọ̀ àti ẹni tó ní ọkọ̀, ẹ bi mẹkáníìkì bóyá change ni àbí replace kí ẹ tó fọwọ́ sí iye owó. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, replace ti ara ike nìkan ti tó yín, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń bá yín kàwé.

Ọmọ lísè tó ń lọ ṣe bac, tìrẹ yàtọ̀. Mú change bí o bá lè fi orúkọ nǹkan tì í lẹ́yìn, má fi of sí i, kí o sì ní replace with lápò fún ìgbà tí o bá fẹ́ fi han ẹni tó ń máàkì pé o mọ̀ ọ́n. Jìnnà sí alter tí kò bá dá ọ lójú. Ẹni tó bá ń kọ àdéhùn ilẹ̀ tàbí ti ilé pẹ̀lú ará Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ lo change rárá nínú rẹ̀. Kó kọ replace tàbí alter, kó sì kọ ohun tí ó ń bọ̀ sí àyè ohun tí ó ń lọ.

Àǹtí mi kò wá sí kíláàsì mi, ó ní òun ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ó ní páálí kékeré kan lójú ìsọ̀ báyìí, ọmọbìnrin olómi náà ló bá a kọ ọ́: NO CHANGE. BRING SMALL MONEY.